Ilé ìwòran tí mo ti ń rí ìka ọwọ́ Yamamoto

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù pọ̀ ní Ìlọrin bí ilé kéú. Kò sí àdúgbò tí ẹ máa dé tí ẹ ò ní rí pátákó tí wọ́n fi ẹfun kọ Arsenal àti Chelsea sí, pẹ̀lú aago tí eré máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwòran tó ń ṣílẹ̀kùn láago kan òru nítorí béèsìbọ́ọ̀lù, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mọ̀, òun sì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Apá Adéta ló wà, nínú àgbàlá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọ́kànáísà. Kò sí orúkọ kankan lára ẹ̀. Ẹ ṣáà béèrè ilé Ẹ̀gbọ́n oníbéèsìbọ́ọ̀lù, ọmọdé á mú yín débẹ̀.

Ahunṣọ ni mí, Pàkàtà ni òfì mi wà. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, catcher ni mí. Èmi ni mo máa ń lóṣòó sẹ́yìn onígi, tí mo ń fi glọ́ọ̀fù gba ohun tí ajùbọ́ọ̀lù bá jù. Nítorí náà, ojú tí mo fi ń wo eré yìí yàtọ̀ sí ojú ẹni tó ń dúró de home run, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí onígi gbá kọjá ògiri pápá. Ọwọ́ ajùbọ́ọ̀lù ni mo máa ń wò. Bí ilé ìwòran kan kò bá jẹ́ kí n rí bí ìka rẹ̀ ṣe di bọ́ọ̀lù mú, àti bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí bọ̀ nínú afẹ́fẹ́, owó tí mo san níbẹ̀ ti ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ eré náà. Ajùbọ́ọ̀lù, tí àwa lórí pápá ń pè ní pitcher, máa ń dúró sórí òkìtì kékeré kan láàárín pápá, á máa ju bọ́ọ̀lù sọ́dọ̀ ẹni tó di igi mú. Láti orí òkìtì yẹn dé ọ̀dọ̀ onígi, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6 ni. Bọ́ọ̀lù tó bá ń sáré máìlì 95 ní wákàtí kan kò ní lò tó ìdajì ìṣẹ́jú ààyá kó tó dé. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà ń gbá eré 162 ní sáà kan kí ìdíje ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀, apá ọmọ ènìyàn kò sì lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ajùbọ́ọ̀lù márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ń gbà á láàárín ara wọn láti ṣíde eré. Ẹni tó bá ṣíde lónìí, ó di ọjọ́ bíi márùn-ún kó tó tún bọ́ síbẹ̀. Lójú tèmi, aṣíde ni ẹni tó na òwú sílẹ̀. Bí òwú bá ti wọ́ níbẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ọwọ́ ahunṣọ yá tó, aṣọ náà ò ní gún.

Los Angeles Dodgers ni ẹgbẹ́ mi. Fìlà ló mú mi mọ̀ wọ́n, fìlà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kọ L àti A lé lórí, tí mo rà nínú òkìrìkà ní ọdún 2014. Mo dé e lọ síbi ìdánrawò, kóòṣì wa sì bi mí pé, "Ṣé o mọ ẹni tó ni fìlà yẹn?" Mi ò mọ̀. Wọ́n wá jókòó tì mí, wọ́n sọ̀rọ̀ Clayton Kershaw fún mi, ajùbọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì tó gba àmì ẹ̀yẹ Cy Young (ti ajùbọ́ọ̀lù tó dára jù ní líìgì) ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an, tó sì gba ti MVP, ti eléré tó wúlò jù, mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, mi ò ní ẹgbẹ́ mìíràn.

Ní ti ilé náà fúnra rẹ̀, yàrá gbọọrọ kan ni, bẹ́ǹṣì méjìlá ló wà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ínṣì 65 ni Ẹ̀gbọ́n gbé kọ́ ògiri, ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí orí ẹni tó jókòó níwájú kò ní dí yín lójú. Sólà àti bátìrì ló ń gbé e. A kì í gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ kankan, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù níbẹ̀ nìyẹn, torí mo máa ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù nínú glọ́ọ̀fù catcher. Ìró yẹn ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá ti lóṣòó rí. Bọ́ọ̀lù tó bá wọlé ṣinṣin máa ń dún pàá, èyí tí catcher bá ní láti nà mọ́ máa ń dún pọ̀ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòran, ariwo jẹnẹrétọ̀ ti gbé gbogbo ìyẹn lọ.

₦500 ni owó ìwọlé fún eré kan, bó ti wù kó pẹ́ tó. Àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánrawò lórí pápá kì í sanwó, Ẹ̀gbọ́n ní iwájú ni kí wọ́n jókòó. Mai ṣáì kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ta tíì, búrẹ́dì àti ẹyin díndín títí ilẹ̀ fi máa mọ́, ìyá oníwàrà sì máa ń gbé àwo wàrà díndín wá bó bá jẹ́ eré ńlá. Wàrà wọn rọ̀, ata rẹ̀ sì mọ níwọ̀n.

Ohun tí mi ò rí níbòmíràn ni pátákó dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí aṣíde wa bá jù ni Ẹ̀gbọ́n máa ń fa ìlà kan fún, tó bá pé márùn-ún wọ́n á fi ìlà dábùú dì í pọ̀ bí ìdì igi. Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ẹfun yẹn. Tẹlifíṣọ̀n náà ń ka iye, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí ìdì mọ́kàndínlógún lórí pátákó, tí wọ́n tò tira wọn bí igi ìdáná tí wọ́n kó sẹ́yìn ilé, ẹ ó mọ̀ lára yín pé apá ẹni yẹn ti ń wúwo.

Lórí pátákó yẹn ni mo ti mọ ẹni tí Yoshinobu Yamamoto, aṣíde wa, jẹ́. Eré kejì World Series ọdún 2025 ni, àṣekágbá líìgì ńlá Amẹ́ríkà, tí ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí eré mẹ́rin máa ń gba ife, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá, ní Toronto ní Kánádà. Aago kan òru ti lọ lọ́dọ̀ wa. Toronto Blue Jays ti fọ́ wa ní eré àkọ́kọ́ pẹ̀lú ayò 11 sí 4, inú wa ò sì dùn. Yamamoto kò ga, sẹ̀ǹtímítà 178 ni láàárín àwọn òmìrán. Ó gun òkìtì, ó ń jù, Ẹ̀gbọ́n ń fa ìlà. Ní íníǹgì kẹta (ìpín eré ni íníǹgì, mẹ́sàn-án ló wà nínú eré kan), Toronto jẹ ayò kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò tún dé ibì kankan mọ́. Ogún onígi ló lé padà ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé títí eré fi parí. Kò sí ẹni tó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan ló ju íníǹgì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Nígbà tó parí, ìdì mọ́kànlélógún gééré ló wà lórí pátákó, bọ́ọ̀lù 105. A borí, 5 sí 1. Ó sì ti ṣe irú ẹ̀ sí ẹgbẹ́ Milwaukee Brewers ní eré tó jù ṣáájú ìyẹn. Ajùbọ́ọ̀lù tó parí eré méjì léra wọn fúnra rẹ̀ nínú ìdíje ìkẹyìn, ọ̀dọ̀ Curt Schilling ní ọdún 2001 ni a ti rí irú ẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lórí tẹlifíṣọ̀n náà. Wọ́n tún bọ́ọ̀lù kan fi hàn ní ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀. Yamamoto gbé ẹsẹ̀ òsì, ara rẹ̀ ò mì. Inú glọ́ọ̀fù lọ́hùn-ún, ó ti la ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, bọ́ọ̀lù sì há sáàárín wọn. Ó na ẹsẹ̀ síwájú, ìdí yí, àyà yí tẹ̀lé e, apá ló yọ kẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù jáde láàárín ìka méjèèjì láìyí púpọ̀, mo ń rí okùn pupa tí wọ́n fi rán an. Ó ń bọ̀ bí ẹni pé àárín ló fẹ́ gbà, onígi fi gbogbo ara fì igi, bọ́ọ̀lù já wálẹ̀ bí ẹni tó jìn sí kòtò. Splitter ni wọ́n ń pè é. Mo ti gba irú rẹ̀ rí nígbà èwe mi, àmọ́ èyí tí mo gbà kì í jìn tó bẹ́ẹ̀.

Nínú ìtàn rẹ̀, ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé jíju ọ̀kọ̀ wà lára ohun tó fi ń ṣe ìdánrawò, ọ̀kọ̀ bíi tàwọn eléré ìdárayá. Àwa ahunṣọ náà ní ọ̀kọ̀ tiwa, igi kékeré tó ń gbé òwú kọjá láti ọwọ́ kan sí èkejì. Bàbá mi kọ́ mi pé agbára kọ́ ni a fi ń jù ú. Bí o bá fagbára jù ú, á ta síta, á sì fa òwú já. Gbogbo ara ló ń jù ú, ọwọ́ kàn ń tú u sílẹ̀ ni. Mo ń wo ọmọ Japan yẹn láago mẹ́ta òru, mo ń gbọ́ ohùn bàbá mi.

Ẹgbẹ́ wa fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2023 fún ọdún méjìlá, mílíọ̀nù 325 dọ́là, nígbà tí kò tíì ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo rí ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn pariwo. Àwọn kan lórí bẹ́ǹṣì wa pariwo pẹ̀lú. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn á tún sọ bẹ́ẹ̀.

Eré kẹta ni mo fi mọ ìwà onílé náà. Ní Los Angeles ni wọ́n ti gbá a, ó bẹ̀rẹ̀ láago kan òru tiwa, Tyler Glasnow ló ṣíde fún wa. Íníǹgì mẹ́sàn-án kọjá, ọ̀mì. Ó di ìkejìlá, ọ̀mì. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun àsùbáà, Ẹ̀gbọ́n pín wa sí méjì: ìdajì lọ sí mọ́sáláṣí, ìdajì dúró ti eré, nígbà tí àwọn àkọ́kọ́ dé, àwa yòókù lọ kírun tiwa. Wọn ò pa tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò béèrè kọ́bọ̀ lé e. Oòrùn yọ, àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá lójú ọ̀nà, bátìrì ti fẹ́ tán, Ẹ̀gbọ́n jáde lọ nu ojú sólà kó lè tètè gbé iná. Wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 39 ni eré náà gbà, íníǹgì 18, kí Freddie Freeman tó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, tí a fi borí, 6 sí 5. ₦500 kan náà ni.

Inú eré yẹn ni mo ti rí Kershaw kẹ́yìn lórí òkìtì. Ọmọ ọdún 37 ni, sáà kejìdínlógún rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ó sì ti kéde ní oṣù kẹsàn-án pé òun ń fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún yẹn, onígi 3,000 ló pé tó ti fi sítíráìkì mẹ́ta, bọ́ọ̀lù rere tí onígi ò rí gbá, lé padà láyé rẹ̀. Wọ́n pè é wọlé ní íníǹgì kejìlá, ọmọ Toronto wà ní base mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibùdó tí wọ́n ń sáré gbà kọjá kí wọ́n tó jẹ ayò, ó ku ẹnì kan tó máa jáde kí ìpín tiwọn tó parí. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó wá kojú. Bọ́ọ̀lù tí onígi náà gbá kò ju ilẹ̀ lọ, a gbé e ju sí base kìíní, ó parí. Ọmọkùnrin ọlọ́wọ́ òsì kan wà lára àwọn tó máa ń jókòó níwájú, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ó dìde dúró, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí Kershaw fi wọlé lọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó jókòó.

Blake Snell ni mo ní ẹjọ́ bá rò. Ọlọ́wọ́ òsì lòun náà, Cy Young méjì ló ní, 2018 àti 2023, wọ́n sì gbà á fún mílíọ̀nù 182 dọ́là ọdún márùn-ún. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá dára, kò sí irú rẹ̀: ó ju íníǹgì mẹ́jọ sí Milwaukee, bọ́ọ̀lù kan péré ni wọ́n rí gbá dáadáa. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn etí. Ó máa ń ju bọ́ọ̀lù sí eteetí títí onígi fi máa kọ̀ láti fì, ìdì á máa pọ̀ lórí pátákó nígbà tí íníǹgì kẹrin ò tíì tán. Ní eré karùn-ún, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó jù ni Davis Schneider gbé kọjá ògiri, èkẹta ni Vladimir Guerrero Kékeré gbé lọ. Ẹ̀gbọ́n ò tíì fa ìlà mẹ́rin. Mo gbà pé onígi rere ni wọ́n, àmọ́ bọ́ọ̀lù méjèèjì wà ní àárín, mo sì rí i kedere.

Glasnow ga ju ilẹ̀kùn ilé wa lọ, apá rẹ̀ sì dára, ìpalára ni kì í jẹ́ kó parí sáà. Shohei Ohtani, tó ń jù tó tún ń gbá, mi ò ní fi ẹnu mi kan án lẹ́yìn òru tó jù sí Milwaukee: íníǹgì mẹ́fà láìjẹ́ ayò kankan, onígi mẹ́wàá fi sítíráìkì padà sílé, òun fúnra rẹ̀ sì gbá home run mẹ́ta nínú eré kan náà. Roki Sasaki, aṣíde ni wọ́n mú un wá láti jẹ́, àmọ́ ìparí eré ni wọ́n lò ó fún nínú ìdíje ìkẹyìn. Mo fẹ́ kí wọ́n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ eré, pàápàá lẹ́yìn tí àyè Kershaw ti ṣófo.

Àwọn àbùkù ilé ìwòran náà ò ṣeé fi pamọ́. Òpó kan wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tó bá jókòó sí bẹ́ǹṣì mẹ́ta ẹ̀yìn lápá yẹn, òkìtì ajùbọ́ọ̀lù nìkan ló máa rí, kò ní rí onígi. Ẹ tètè dé. Bẹ́ǹṣì ò ní ibi ìfẹ̀yìntì, mo máa ń gbé tìmùtìmù lọ́wọ́. Èyí tó dùn mí jù ni ti ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bí eré Dodgers bá bọ́ sí aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ sì wà, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n máa fi hàn. Mo bá Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́.

"Àbúrò mi, àwọn ọlọ́jọ́ Sátidé yẹn ló ń san owó sólà," wọ́n ní.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá wa wá tẹlifíṣọ̀n kékeré kan sí kọ̀rọ̀, ká tiẹ̀ máa rí ọwọ́ ẹni tó ń jù."

Wọ́n ní àwọn máa wò ó. Mi ò tíì rí i.

Nẹ́tíwọ̀kì náà wà níbẹ̀. Foonù méjì ni wọ́n fi ń fa íntánẹ́ẹ̀tì, bí ọ̀kan bá dákú wọ́n á yí sí èkejì. Ó máa ń ṣiṣẹ́, àfi ní eré keje. Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ni ní Toronto, ọ̀mì 4 sí 4, íníǹgì kẹsàn-án, ọmọ Toronto méjì ti wà lórí base, ẹnì kan ti jáde. Ta ni mo rí tó ń bọ̀ láti ibi tí àwọn agbaṣẹ́ máa ń jókòó sí? Yamamoto. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló ju bọ́ọ̀lù 96 fún wa ní eré kẹfà. Ẹ̀gbọ́n dúró pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, wọn ò fa ìlà. "Ọwọ́ ọmọ yìí," ohun tí wọ́n sọ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni àwòrán ti dì. Nígbà tí wọ́n fi máa yí foonù, Alejandro Kirk, onígi Toronto, ti wà ní base kìíní, base mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kún: bọ́ọ̀lù ti bà á lára, a ò sì rí i. Gbogbo ilé dákẹ́. Onígi tó tẹ̀lé e gbá a nílẹ̀, Miguel Rojas tiwa gbé e, ó jù ú sílé, ẹsẹ̀ kan ló fi ṣíwájú ẹni tó ń sáré bọ̀. Èyí tó tẹ̀lé e gbá a lọ sókè réré, Andy Pages sáré, ó kọlu ẹnìkejì rẹ̀, ó sì mú un. Will Smith tiwa wá gbá home run ní íníǹgì kọkànlá. Yamamoto padà sórí òkìtì, Kirk gbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ sọ́wọ́ Mookie Betts, ẹni méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó parí. 5 sí 4. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ló borí eré kejì, ìkẹfà àti ìkeje. Aago márùn-ún ti kọjá díẹ̀. A dì mọ́ra wa, a sì ti ibẹ̀ lọ sí mọ́sáláṣí pọ̀.

Lọ́la ọjọ́ náà ni Ẹ̀gbọ́n tó fa ìlà tó kù. Wọ́n kọ 96 sókè, wọ́n kọ 34 sí abẹ́ rẹ̀, wọn ò kọ orúkọ. Mo kọjá níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láti lọ gbé òwú. Arsenal àti Chelsea wà lórí pátákó, wọ́n fún wọn mọ́ igun ìsàlẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké, torí Ẹ̀gbọ́n ò tíì gbà kí ẹnikẹ́ni nu nọ́ńbà méjèèjì kúrò.